Ògiri Tó Fi Ìka Kan Yẹ̀

Ilé oníyàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan kì í jẹ ju ẹgbàá búlọ́ọ̀kù lọ, bí ẹni tó ń kọ́ ọ bá mọ iṣẹ́, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n jí i kó. Ó pẹ́ tí mo ti ń ta pákó àti igi òrùlé n'Ífẹ̀, mo mọ ohun tí ilé ń jẹ. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti ra ju ẹgbàajì lọ, ilé tirẹ̀ kò sì tíì dé àtẹ́rígbà. Kì í ṣe pé wọ́n jí i kó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wó o.

Bíríkìlà ni, kì í sì í ṣe bíríkìlà ṣákálá. Láàrin ọdún 1989 sí 1996 tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bí ọ̀gá kan ní yunifásítì bá fẹ́ kọ́lé, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Ògiri tí ó bá rẹ́, bí o bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, á dà bí abọ́ tánganran. Kì í mutí, kì í jí sìmẹ́ǹtì, kì í purọ́ fún onílé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ búlọ́ọ̀kù kan bá yẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ojú ẹlòmíì kò lè rí, á mú òòlù, á gbá a dànù, á tún bẹ̀rẹ̀. Awóyẹmí káfíńtà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, ni ó fún un ní orúkọ ìnagijẹ: Wó-o-tún-un-kọ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn tí ń ta yanrìn kò mọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíì, ó dáa. Onílé á lé e, á ní oṣù yìí ni òun fẹ́ wọlé, iṣẹ́ á sì parí. Ilé tirẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò lé e?

Mo lè sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún bíi mẹ́fà kí ó tó fi ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lélẹ̀, ó mọ ọgbà fún Àlàájì kan ní Sábó, ẹni tí ń ta àgbò. Iléyá ń bọ̀, Àlàájì ní kí ó yára. Ó yára. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ńlá kan fi rọ̀, ọgbà wó lu àgbò mẹ́ta. Àlàájì kò bú u, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Bóyá bí ó bá ti bú u ni, ì bá sàn. Èmi dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fojú ara mi rí i: àgbàrá ni ó wú ìpìlẹ̀ láti abẹ́. Ògiri náà ì báà tọ́ bí ọfà, yóò wó. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó lọ ra òjé tuntun, èyí tí àwọn bíríkìlà ń so mọ́ okùn láti fi wo ìnàró ògiri, ó sì ń kó o sí àpò kiri bí ẹlòmíì ṣe ń kó tẹ̀sùbáà. Mo ti rí i tí ó fà á yọ ní ilé òkú, tí ó ń fi wo ògiri olóòkú.

Ìyá rẹ̀, Tinúadé, ń gbé ní agboolé wọn ní Òkèrèwè, nínú yàrá ilé alámọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò bá òsì dọ́gba. Níbi ìrọbí Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, òun ni wọ́n máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ pa ilẹ̀ yàrá tuntun. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní mọ èyí: kí sìmẹ́ǹtì tó kárí, ẹbọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, ni àwọn obìnrin ń pò, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ títí tí á fi dán. Ipa ìka wọn á wà níbẹ̀ bí òṣùpá tuntun, èyí tóbi, èyí kéré. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti kọ́ bí a ṣe ń rá.

Ohun kan ṣoṣo ni màmá yìí ń fẹ́ láyé: kí òun sùn nínú ilé ọmọ òun kí òun tó kú, kí wọ́n sì sin òun síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàrin wa. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọ náà ló sì ń kọ́lé fún gbogbo ayé. Comfort, ìyàwó Ọmọ́tọ́ṣọ́, ìyá Fúnlọ́lá ọmọ wọn, bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Lágéré. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní kúrò nínú ilé ọkọ òun lọ kú sínú ilé onílé. "Bí ilé ọmọ mi bá parí, ẹ wá gbé mi. Bí kò bá tíì parí, ẹ fi mí síbi tí mo wà."

Ilẹ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Oǹdó. Yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn ni ó yà sọ́tọ̀ fún ìyá rẹ̀. Yàrá Màmá ni a ti ń pè é kí ó tó ní ògiri. Ó wó ògiri yàrá náà ní 1991. Ó wó o ní 1993. Igi òrùlé tí ó rà lọ́wọ́ mi nígbà àkọ́kọ́, ikán jẹ ẹ́ tán níbi tí ó tò ó sí. Ó tún wá ra òmíràn. Èmi ni mo ń jèrè, èmi náà ni mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má rà mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1995, Comfort fi takisí gbé màmá lọ wo ilé náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbé pákó wá. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, eruku bo gbogbo wa. Màmá rìn yí yàrá náà ká, ó ń tiro díẹ̀díẹ̀, ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri kan tí wọ́n ti wó dé ìdajì.

"Ọmọ́tọ́ṣọ́, kí ló ṣe eléyìí?"

"Ó yẹ̀, Màmá."

"Ó yẹ̀ lọ síbo?"

"Síta. Díẹ̀ ni. Ojú yín kò lè rí i."

"Bí ojú mi ò bá lè rí i, ojú ta lo wá ń kọ́ ọ dè?"

Awóyẹmí jókòó lórí òkìtì yanrìn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ bá wa bi í! Ojú àwọn áńgẹ́lì ni. Ọjọ́ tí Jésù bá dé ni a ó kan páànù."

"Pa ẹnu rẹ dé," Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní. "Ìwọ tí o ń kan ilẹ̀kùn tí kì í padé."

"Ilẹ̀kùn mi kì í padé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ilé tí mo kàn án mọ́."

A rẹ́rìn-ín, Comfort pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọmọ́tọ́ṣọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Wo ẹsẹ̀ mi dáadáa. Ìwọ lo ṣe é. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ dọ́gba ná, orí ẹní tí mo bí ọ sí náà ni ǹ bá ṣì wà. Mo fi wọ́n pọ̀n ọ́. Mo fi wọ́n rìn dé Ifẹ̀wàrà lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kú sóko. Ṣé bí wọ́n ṣe rí yìí náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Yàrá mi òkè lọ́hùn-ún ti ń jò. Ṣé n ó sùn níbí kí òjò tó dé?"

"Kí òjò tó dé, Màmá. Mo ṣèlérí."

Òjò dé ní oṣù kẹrin. Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀ nínú yàrá Òkèrèwè, nígbà tó yá, wọ́n di márùn-ún. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá ní òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ó sùn síbi tó tutù mọ́. Comfort tún bẹ̀ ẹ́ nípa Lágéré. Ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi ti ṣèlérí."

Mo ránṣẹ́ pe Ọmọ́tọ́ṣọ́ sí ìsọ̀ mi. N kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Jókòó. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń wí. Páànù ogún kò ní tán lára rẹ̀. Igi wà níbí, mú èyí tó wù ọ́, a ó jọ sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ mìíràn. Awóyẹmí ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní Fúráìdè, ìyá rẹ á sùn níbẹ̀ ní Sátidé."

"Ẹ̀gbọ́n, ògiri ìta yẹn..."

"O ò ti tún un kọ́ tán?"

"Mo ti kọ́ ọ tán. Mi ò tíì fi òjé wò ó dáadáa ni."

"Má wò ó."

Ó ń fi èékánná ha sìmẹ́ǹtì kúrò lẹ́yìn ọwọ́. "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mi ò ní wò ó."

Lọ́jọ́ Fúráìdè, mo débẹ̀ ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán. Igi òrùlé wà nílẹ̀, wọn kò tíì tú okùn rẹ̀. Awóyẹmí jókòó lé wọn lórí, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Eruku ń rà bàbà lórí ibi tí ògiri wà láàárọ̀.

"Ó ti wò ó," Awóyẹmí ní. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ dúró láàrin àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìka kan ni, ẹ̀gbọ́n. Ó fi ìka kan yẹ̀. Mi ò lè gbé Màmá sábẹ́ rẹ̀. Bó bá wó lù wọ́n ńkọ́?"

Mo fẹ́ bú u. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé àgbò mẹ́ta yẹn ni ó ń wò, kì í ṣe èmi. Ó ní kí a fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta péré, òun á ti tún un kọ́. Awóyẹmí dìde, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màmá kú. Comfort nìkan ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Òkèrèwè. Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó ń to búlọ́ọ̀kù. Comfort sọ fún mi pé màmá la ojú, ó bi òun, "Ṣé wọ́n ti kan páànù náà?" Òun sì purọ́ fún un. Òun ní, "Wọ́n ń kàn án lọ́wọ́, Màmá." Màmá ní, "Sọ fún un kó má fọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá mi o. Èmi ni n ó pa á." Kò tún sọ nǹkan mìíràn.

Nígbà tí ẹbí jókòó, Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní kí wọ́n sin ín sí Òkèrèwè. Ojú ń tì í. Ó ní òun kò lè pe ènìyàn wá sínú ilé tí kò lórí, tí ògiri rẹ̀ kan kò sì dé orúnkún. Olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò ó títí. Ó ní, "Ilé tí ìyá rẹ ní kí a sin òun sí, òun náà mọ̀ pé kò ní òrùlé. Ó wò ó kó tó kú." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni a sin ín. Yàrá Màmá ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Awóyẹmí ní kí a wá bíríkìlà mìíràn tí yóò fi búlọ́ọ̀kù mọ inú sàréè, Ọmọ́tọ́ṣọ́ kọ̀. Láti àárọ̀ kùtù ni ó ti wọ inú kòtò náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi dé pẹ̀lú pósí, ọ̀wọ́ kẹta ni ó ṣì wà, ojú ọ̀run ìhà ìlà oòrùn sì ti dúdú.

A gbé pósí lé orí bẹ́ǹṣì méjì nínú yàrá tí kò ní òrùlé náà. Gbogbo ènìyàn dúró yí ká. Mo rí i láti òkè pé búlọ́ọ̀kù kan ní ọ̀wọ́ kẹta ti sún kúrò ní ìlà. Òun náà rí i. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa òjé jáde, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sàréè. Afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́, òjé náà ń yí, kò dúró síbì kan. Ó ń dúró dè é. Àwa náà ń dúró. Ẹnì kan dá orin, ó sì tún dákẹ́. Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi ọwọ́ kejì di búlọ́ọ̀kù náà mú, mo mọ̀ pé ó fẹ́ fà á yọ.

Òjò kán sórí pósí. Ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì.

Comfort bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò. Kò pariwo. "Bàbá Fúnlọ́lá," ó ní, "Màmá ti dúró tó."

Ó gbé ojú sókè. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo pósí, ó wo búlọ́ọ̀kù náà. Ojú gbogbo wa ni ó ti tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, bí ẹni tí ń tú ọwọ́ ọmọ tí ó sùn. Ó ká okùn mọ́ òjé, ó nà án sókè sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú un." Ó wá gbé búlọ́ọ̀kù tó kàn lé èyí tó yẹ̀ lórí. Èyí tó kàn náà yẹ̀. Ó ń tò ó lọ.

Ìgbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ tán, tí wọ́n da kọnkéré lé e, òjò ti dé gidi. Àwọn ènìyàn sá sábẹ́ igi. Kò sí àyè láti fi irin rẹ́ ẹ. Ọmọ́tọ́ṣọ́ kúnlẹ̀ nínú òjò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú sàréè náà kí ó tó le. Awóyẹmí di pákó kan mú lé e lórí kí omi má baà ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó pa dà síbẹ̀. Ọjọ́ kan ni ó fi kọ́ ògiri ìta náà, àfọ́kù tó wà nílẹ̀ ni ó sì fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò wá gba òjé lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Awóyẹmí gun òkè láti kan igi, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọmọ́tọ́ṣọ́, ó yẹ̀ o."

"Mo mọ̀. Kàn án."

Wọ́n kó wọlé ní Kérésìmesì ọdún náà. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Awóyẹmí kò pè é ní Wó-o-tún-un-kọ́ mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó má pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ yunifásítì kan wá bá a nílé kí ó lè gbé iṣẹ́ fún un, ó rí ògiri náà, ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní, "Èmi ni." Ọkùnrin náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Comfort fẹ́ kí wọ́n fi táìsì bo ojú sàréè, kó lè gbayì lójú àlejò. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní kí ó fi í sílẹ̀. Ipa ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní, èyí tóbi, èyí kéré.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, òjò ká mi mọ́ ilé wọn. Ọjọ́ méjì ni irú òjò yẹn ti ń rọ̀, ó ti wó ilé alámọ̀ tó tó mẹ́rin ní ìgboro. Èmi àti Ọmọ́tọ́ṣọ́ jókòó sí Yàrá Màmá, ariwo páànù kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa dáadáa. Mo ti mú òjé náà lọ́wọ́ wá láti dá a pa dà. Mo nà án sí i. Ó mi orí.

"Ẹ máa lò ó, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni onípákó fẹ́ fi òjé ṣe?"

Ó dìde, ó lọ síbi ògiri ìta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Mo ti fi ojú wọn ògiri náà tipẹ́, ìwà mi ni: ìka méjì ni ó fi yẹ̀, ìlọ́po méjì èyí tó wó ní Fúráìdè ọjọ́sí. Òjò ń lù ú láti ìta. Kò mì. Ọmọ́tọ́ṣọ́ dúró síbẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá, tí mo wá lè gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àṣé kò ní wó."